Iná tó wà nínú ara wa: ìdáhùn sí ìyá ẹlẹ́ja kan ní Ẹ̀pẹ́ lórí àyẹ̀wò nááfù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 52 ni mí, ẹja ni mo ń tà ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí ọwọ́ ọ̀tún mi ti ń kú lóru. Á jí mi lójú oorun, màá gbọ̀n ọ́n títí kó tó yè. Láti bí oṣù mẹ́ta ni àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì náà ti ń jó mi bí ẹni fi ata pa á, pàápàá tí mo bá ti dùbúlẹ̀. Dókítà kọ̀wé fún mi pé kí n lọ ṣe nerve conduction àti EMG ní Èkó. Àbúrò mi ní iná mànàmáná ni wọ́n ń fi síni lára, wọ́n á tún ki abẹ́rẹ́ bọ iṣan, pé ẹni tí iṣan rẹ̀ kò tíì kú, ibẹ̀ ló ti máa kú. Aládùúgbò mi ní ọmọ òun ṣe irú rẹ̀ lórí, wọ́n tú gbogbo irun rẹ̀, wọn ò sì rí nǹkan kan. Owó rẹ̀ kò kéré. Ṣé kí n lọ àbí kí n jókòó? Kí gan-an ni wọ́n fẹ́ rí?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ẹ lọ. Iná tí wọ́n ń sọ yẹn kò lè pa iṣan yín, abẹ́rẹ́ náà kò sì lè pa á. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò kékeré kan wà tó yẹ kí ẹ ti ṣe ní Ẹ̀pẹ́ kí ẹ tó wọkọ̀ rárá. Ohun kan sì wà tí ẹ̀rọ yìí kì í gbọ́. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n ṣáájú, èsì tó bá fún yín lè ṣì yín lọ́nà. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Èmi ni mo máa ń lẹ wáyà mọ́ aláìsàn lára, tí mo ń darí ẹ̀rọ, kí dókítà tó ka ohun tó jáde.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ kan, torí mo gbà pé òun ló kó àbúrò yín láyà sókè. Nínú èdè wa, iṣan ni gbogbo rẹ̀. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, iṣan ni. Okùn tó so ẹran mọ́ egungun, iṣan ni. Èyí tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ, iṣan náà ni. Tí ènìyàn bá wá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ki abẹ́rẹ́ bọ "iṣan", ohun tó máa sọ sí i lọ́kàn ni pé wọ́n fẹ́ já nǹkan kan. Nínú ìdáhùn yìí, nááfù ni màá máa pe okùn tó ń gbé ìmọ̀lára wá láti ara, tó sì ń gbé àṣẹ lọ sí ara, bí a ti ń pè é ní ilé ìwòsàn. Ẹran ara ni màá máa pe èyí tó ń sún kì tí ọwọ́ fi ń dì, tí ẹsẹ̀ fi ń rìn. Abẹ́rẹ́ yẹn, inú ẹran ara ló ń wọ̀. Kò ní nǹkan ṣe nínú nááfù.

Ní ti iná, ẹni tó ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́ kò lè ṣàì mọ òjìjí. Ẹ mọ bí ó ṣe ń gbọ̀n ẹni tó bá fọwọ́ bà á láàyè. Ẹja yẹn lè tú iná tó tó 350 fólítì jáde, èyí tó ju iná tó ń wọ ilé wa lọ, bẹ́ẹ̀ kò gba iná náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ara rẹ̀ ló ń ṣe é. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé irú iná bẹ́ẹ̀ wà nínú tiwa náà. Nááfù, ẹran ara, ọkàn, ọpọlọ, iná kékeré ni gbogbo wọn fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Òjìjí kàn to tirẹ̀ jọ bí ẹni to bátìrì tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn ara wọn ni. Tiwa kéré débi pé a kì í mọ̀ ọ́n lára. Òun ni ẹ̀rọ tí mò ń lò ń gbọ́. Bí ẹ bá rántí èyí, ẹ ó rí i pé kì í ṣe pé à ń gbé nǹkan àjèjì wọ inú ara yín. À ń pe ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó dáhùn.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń tọ iná yìí lẹ́yìn. Luigi Galvani, ará Ítálì, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1791, lẹ́yìn tí ó ti rí i pé ẹsẹ̀ àkèré tó ti kú pàápàá ń ta fìrì tí iná bá kan nááfù rẹ̀. Ní 1850, Hermann von Helmholtz ní Jámánì wọn bí ìròyìn ṣe ń yára tó nínú nááfù àkèré, ó rí nǹkan bíi mítà 27 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Olùkọ́ òun fúnra rẹ̀, Johannes Müller, ti rò pé ó yára ju ohun tí ọmọ ènìyàn lè wọ̀n lọ. Ọgbọ́n tí Helmholtz dá ni pé ó fi iná kan nááfù kan náà níbi méjì, ó wá wo ìyàtọ̀ àkókò tó wà láàárín wọn. Ọgbọ́n yẹn gan-an ni màá dá sí ọwọ́ yín.

Nerve conduction, ìyẹn ti iná, ni àkọ́kọ́. Bó ṣe máa rí nìyí. Ẹ ó dùbúlẹ̀ tàbí kí ẹ jókòó. Màá lẹ ohun pẹlẹbẹ kan, tó kéré bí owó kọ́bọ̀, mọ́ ẹran tó wà nísàlẹ̀ àtàǹpàkò yín. Màá gbé ohun èlò kan tó ní imú méjì lé ọrùn ọwọ́ yín, màá tẹ̀ ẹ́. Iná tó ń jáde níbẹ̀ kì í pẹ́ ju ìdá kan tàbí ìdá méjì lọ nínú 10,000 ìṣẹ́jú àáyá. Àtàǹpàkò yín á ta fìrì láìjẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ní kó ta. Ó máa ń rí lára bí ìgbà tí wọ́n fa rọ́bà tí wọ́n sì jẹ́ kó ta báni. Mo máa ń sọ fún aláìsàn kí n tó tẹ èyí àkọ́kọ́, torí òun ló ń já ènìyàn láyà. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀rù á ti lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti máa bi mí ohun tí ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹ̀rọ náà túmọ̀ sí.

Lẹ́yìn náà màá tẹ nááfù kan náà ní ìgbọ̀nwọ́, màá sì fi téèpù wọn bí ibi méjèèjì ti jìnnà síra wọn. Ká ní ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 22, tí ìyàtọ̀ àkókò sì jẹ́ ìdá 4 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Mítà 55 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ní apá, à ń retí 50 sókè. Ní ẹsẹ̀, 40 sókè. Mítà 55 yẹn, tí ẹ bá sọ ọ́ di ti ọkọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200 kìlómítà ní wákàtí kan. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fọwọ́ kan ẹja, ìyára bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn fi ń gba apá yín kọjá.

Ohun méjì ni a ń wò lójú ẹ̀rọ: bí ìròyìn ṣe yára tó, àti bí ó ṣe lágbára tó nígbà tó débẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ iná mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ dáadáa. Wáyà ní irin nínú, ó sì ní rọ́bà lára. Nááfù ńlá náà rí bẹ́ẹ̀: okùn wà nínú rẹ̀, ọ̀rá sì wé e lára. Tí ọ̀rá yẹn bá bó tàbí tí nǹkan tẹ̀ ẹ́ pa, ìròyìn á máa lọ, ṣùgbọ́n á falẹ̀. Tó bá jẹ́ okùn inú rẹ̀ ló ń kú, èyí tó ṣẹ́kù lè máa yára o, ṣùgbọ́n ìlà tó máa jáde lójú ẹ̀rọ á kéré, nítorí àwọn tó ń pariwo kò pọ̀ mọ́. Àìsàn tó ń bó ọ̀rá àti àìsàn tó ń pa okùn kì í jẹ́ ọ̀kan náà, oògùn wọn kì í sì í sábà jọra. Ìdí pàtàkì tí dókítà fi ń rán ènìyàn lọ síbi àyẹ̀wò yìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀dọ̀ yín gan-an. Ẹ ní ọwọ́ ọ̀tún yín ń kú lóru, ṣùgbọ́n ẹ kò sọ ìka tó ń kú. Lálẹ́ òní, tó bá tún jí yín, ẹ fara balẹ̀ wò ó. Ṣé àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e ni, tí ìka tó kéré jù lọ kò sì kópa níbẹ̀? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, mo fura gidigidi sí nááfù tó gba àárín ọrùn ọwọ́. Ihò tóóró kan wà níbẹ̀, egungun ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, awọ líle kan ló bò ó lókè. Nááfù yẹn àti okùn mẹ́sàn-án tó ń tẹ ìka ni wọ́n jọ ń fún ara wọn kọjá nínú rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá wú díẹ̀, nááfù ló ń jìyà. Carpal tunnel ni àwọn dókítà ń pè é. Dídi igi ọbẹ mú gírí láti ha ìpẹ́ ẹja láti àárọ̀ títí di ọ̀sán lè dá kún un. Lóru ó máa ń le sí i, torí a máa ń ká ọrùn ọwọ́ kò nínú oorun láìmọ̀. Gbígbọ̀n tí ẹ ń gbọ̀n ọ́n kó tó yè yẹn, ọ̀pọ̀ àwọn tó ní àìsàn yìí ló ń sọ ọ́ fún wa bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Bó bá jẹ́ ọwọ́ nìkan ni, èmi kò ní kánjú sọ pé kí ẹ náwó sí àyẹ̀wò. Ọ̀pọ̀ dókítà á kọ́kọ́ ní kí ẹ máa so ohun tí kò ní jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ ká mọ́ ọn tí ẹ bá fẹ́ sùn, fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà, kí wọ́n wò ó bóyá á rọlẹ̀. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ìyẹn láti òní pàápàá, kò lè pa yín lára.

Ẹsẹ̀ ló yí ọ̀rọ̀ padà. Àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tó ń jó lẹ́ẹ̀kan náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọrùn ọwọ́. Nígbà tí nǹkan bá ń ba nááfù gbogbo ara jẹ́, àwọn tó gùn jù ló kọ́kọ́ ń jìyà, ìyẹn àwọn tó rìn láti ẹ̀yìn lọ sí ìka ẹsẹ̀. Á bẹ̀rẹ̀ ní ìka ẹsẹ̀, á máa gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fa ìbọ̀sẹ̀ wọ̀. Tó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún ni ìka ọwọ́ tó máa ń bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Tiyín kò tẹ̀ lé ètò yẹn: ọwọ́ kan ló ṣáájú, ẹsẹ̀ méjèèjì wá tẹ̀ lé e. Ó lè jẹ́ àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló pàdé lára yín. Ó sì lè jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ló fa méjèèjì, torí ẹni tí nááfù rẹ̀ kò bá lókun mọ́, ìfúnpọ̀ kékeré ní ọrùn ọwọ́ tó láti dà á láàmú. Ìbéèrè tí dókítà yín kọ sínú ìwé yẹn kò ju èyí lọ: ṣé ibì kan ló bàjẹ́ ni, àbí ibi gbogbo? Láti dá a lóhùn, a óò fi nááfù àárín ọwọ́ wé ti ẹ̀gbẹ́ tó lọ sí ìka kékeré, a óò fi ọwọ́ ọ̀tún wé ti òsì, a óò wá sọ̀ kalẹ̀ lọ tẹ́tí sí nááfù ẹ̀yìn ọrùn ẹsẹ̀. Mo fẹ́ràn irú ìwé àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, torí ohun tí dókítà ń wá yé e. Èyí tó ń dùn mí ni ìwé tí kò sí ju "ẹ yẹ nááfù rẹ̀ wò" lọ lórí rẹ̀. Aláìsàn á náwó, a kò sì ní mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó lọ, ẹ jọ̀wọ́, ṣé wọ́n ti yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ yín wò? Ẹ kò mẹ́nu bà á. Èyí ni àyẹ̀wò kékeré tí mo ní lọ́kàn. Ìtọ̀ ṣúgà wà lára ohun tó ń jó ẹsẹ̀ ènìyàn jù lọ káàkiri ayé, òun náà sì ń mú kí nááfù ọrùn ọwọ́ tètè fún. Ní àárọ̀, kí ẹ tó fi nǹkan kan kan ẹnu, tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ yín bá jẹ́ 126 mg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn tó sì tún rí bẹ́ẹ̀, ìdáhùn apá kan ti dé ọwọ́ yín ní Ẹ̀pẹ́ níbẹ̀. Ẹ tún sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún dókítà. Metformin tí àwọn oníṣúgà ń lò máa ń dín fítámì B12 kù lára tó bá ti pẹ́ ọdún bíi mélòó kan, àìtó B12 sì ń jó ẹsẹ̀. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ kan, isoniazid, náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ tí wọn kò bá fi fítámì B6 tì í lẹ́yìn. Àgbo inú ìgò pẹ̀lú, ẹ dárúkọ rẹ̀, ẹ má tijú.

Ó kan ohun tí ẹ̀rọ kì í gbọ́. Nááfù ńlá tí ọ̀rá wé lára nìkan ni àyẹ̀wò iná yìí ń gbọ́. Àwọn tín-ín-rín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn wọ̀nyí ló ń gbé gbígbóná àti ìrora, iná wọn kéré jù fún wa. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé àwọn tín-ín-rín yìí ni ìtọ̀ ṣúgà kọ́kọ́ ń bá jà. Ó ṣeé ṣe kí ẹsẹ̀ yín máa jó bí iná, kí èsì ẹ̀rọ sì ní kò sí nǹkan. Mo ti rí àwọn ìyá tí wọ́n gba irú èsì bẹ́ẹ̀, tí àwọn ará ilé wá sọ fún wọn pé irọ́ ni wọ́n ń pa, tàbí pé ó ti di ọ̀rọ̀ ayé, kí wọ́n lọ wá ẹni tó máa gbàdúrà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ fún yín, èsì náà ń sọ pé àwọn nááfù ńlá yín ṣì dára, ìròyìn ayọ̀ sì ni. Kò sọ pé ẹ kò ní ìrora. Dókítà ní ọ̀nà mìíràn láti yẹ àwọn tín-ín-rín wò, ọ̀kan nínú wọn ni kí wọ́n gé awọ kékeré láti ẹsẹ̀ kí wọ́n wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ amúnǹkan-tóbi. Ṣùgbọ́n ní tèmi, gbígbọ́ ìtàn aláìsàn dáadáa àti yíyẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ló máa ń yanjú èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà kì í sì í gbọ́ dáadáa tí ọwọ́ bá tutù. Mo ń sọ èyí fún ẹ̀yin ẹlẹ́ja ní pàtó. Bí awọ bá fi ìwọ̀n kan péré (1°C) tutù sí i, ìyára nááfù á fi nǹkan bíi mítà 2 dín ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó ti fọwọ́ gbá yìnyín láti àárọ̀, tó wá jókòó sínú ọ̀fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́, ẹ̀rọ lè sọ pé nááfù rẹ̀ ń ṣàìsàn, nígbà tó jẹ́ òtútù lásán ni. Kí ẹ tó wọlé, ẹ fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí wọn kò bá fọwọ́ kan yín láti mọ̀ bóyá ẹ tutù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún wọn. Lọ́jọ́ náà, ẹ má fi òrí, ìpara tàbí róòbù pa ara, ohun tí a ń lẹ kì í mú. Ẹ wọ aṣọ tí apá rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣeé ká sókè, kí ẹ sì fi òrùka sílé. Ẹ lè jẹun, kò sí ààwẹ̀ níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ sí yín láyà, tàbí tí ẹ ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

EMG ni èkejì, èyí tí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà tín-ín-rín, oògùn kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iná kankan kì í gba inú rẹ̀ wọ ara yín. Etí ni. Ní 1929, Edgar Adrian àti Detlev Bronk ṣe irú abẹ́rẹ́ yìí, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè, wọ́n sì gbọ́ bí ẹran ara ṣe ń sọ̀rọ̀. Títí dòní, etí la ṣì fi ń ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Ẹran ara tó wà ní àlàáfíà, tí ẹni tó ni ín kò mì ín, á dákẹ́ lọ rọ́rọ́. Tí ẹ bá rọra tẹ àtàǹpàkò, ẹ ó máa gbọ́ pó, pó, pó. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ gidi, á di ariwo ńlá. Ẹran ara tí nááfù rẹ̀ ti já a jù sílẹ̀ kì í lè dákẹ́. Ẹ̀yin á dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, òun á máa dún tì-tì-tì bí òjò tó ń kán sórí páànù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ohùn yẹn, lára ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ọ̀kadà gbé ṣubú, n kò lè gbàgbé rẹ̀ títí dòní. Ariwo yẹn kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí nááfù bàjẹ́, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fara pa padà wá. Tiyín ti tó oṣù mẹ́jọ, ìyẹn kò kàn yín.

Ó ń dùn díẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín. Ó jọ ìgbà tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀. Ẹran náà lè máa ro yín fún ọjọ́ kan. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ di mú ni pé abẹ́rẹ́ tuntun ni kí wọ́n lò, kí wọ́n ya ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi dì í lójú yín. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè, ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní bínú. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló sì nílò abẹ́rẹ́. Tí ti iná bá ti fi ibi tó bàjẹ́ hàn gbangba, dókítà lè ní kí a dúró níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ jíjó yìí ní ìtàn ní Ẹ̀pẹ́ yín, n kò sì mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ti sọ ọ́ fún yín rí. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun láti Ìbàdàn wá sí agbègbè Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú, torí ó rí àwọn ènìyàn tí ẹsẹ̀ ń jó, tí wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ nígbà tí wọ́n bá ń rìn, tí ojú àti etí àwọn mìíràn sì ń kú. Ìròyìn tó kọ jáde ní 1968 kò dúró lórí ìtàn aláìsàn nìkan. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó sì fi ẹ̀rọ wọn nááfù wọn, irú àyẹ̀wò tí wọ́n fẹ́ ṣe fún yín yìí. Ó so àìsàn náà mọ́ jíjẹ ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́, ẹ̀gẹ́ tí májèlé inú rẹ̀ kò tíì jáde tán, láìsí ẹran tàbí ẹja tó pọ̀ tó lára oúnjẹ. Àwọn olùwádìí tó tẹ̀ lé e ti rí àwùjọ tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ púpọ̀ tí àìsàn náà kò sì pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà àríyànjiyàn ṣì wà lórí ohun tó fà á gan-an. Mi ò sọ èyí kí ẹ lè sá fún gàrí. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ dáadáa, tó kan, tí wọ́n sì dín gbẹ, èyí tó pọ̀ jù nínú májèlé rẹ̀ ti lọ, ẹja tí ẹ ń tà sì wà lára ohun tí ara fi ń borí èyí tó kù. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé àyẹ̀wò yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé láti òkèèrè lánàá. Àwọn ará agbègbè yín ti na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fún un láti ìgbà yẹn, ohun tí a sì rí lára wọn ni àwọn dókítà káàkiri ayé kà. Nígbà tí dókítà bá bi yín ohun tí ẹ ń jẹ, ẹ má rò pé ó ń ṣòfò àkókò.

Ti ọmọ aládùúgbò yín yàtọ̀ pátápátá. EEG ni wọ́n ṣe fún un, ìyẹn àyẹ̀wò iná ọpọlọ, tí wọ́n sábà fi ń wá wárápá. Hans Berger ní Jámánì ló kọ́kọ́ gba iná ọpọlọ ènìyàn sílẹ̀ ní 1924, ó sì gbé e jáde ní 1929. Èyí kì í fi iná kankan síni lára rárá. Wáyà bíi 21 ni wọ́n ń lẹ mọ́ orí láti gbọ́ èyí tó ń jáde, ó sì kéré débi pé bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan lágbára jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 30,000. Ẹ wá ronú ohun tí òróró irun, átáṣímẹ́ǹtì tàbí wíìfù máa ṣe sí irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi tú irun ọmọ náà nìyẹn. Kí wọ́n fi ọṣẹ fọ irun ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí wọ́n má fi nǹkan kan pa á. Irun dídì tí ìlà rẹ̀ gbòòrò ṣì ṣeé lò nígbà mìíràn, ọmọ dàda pàápàá kò nílò kí wọ́n gé irun rẹ̀. A máa ń wá ojú awọ orí láàárín rẹ̀. Kò sí ohun tó dùn mí tó kí òbí má mú ọmọ wá nítorí ọ̀rọ̀ irun.

Pé wọn kò rí nǹkan kan, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó má torí ìyẹn dá oògùn tí dókítà bá fún ọmọ náà dúró. EEG lásán kì í pẹ́ ju bí ìdajì wákàtí lọ. Bí ọpọlọ bá dákẹ́ jẹ́ẹ́ láàárín ìdajì wákàtí yẹn, ẹ̀rọ á ní ó dára, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà lè ní wárápá. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn tó ní wárápá gan-an, èyí àkọ́kọ́ kì í fi nǹkan hàn. Wọ́n lè tún un ṣe lẹ́yìn tí ọmọ bá ti ṣàìsùn lóru, tàbí kó máa mí gùn-ún fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, tàbí kí wọ́n tan iná tó ń ṣẹ́jú síwájú rẹ̀. Ohun tó níye lórí jù lọ́wọ́ dókítà ni kí ìyá rẹ̀ fi fóònù ya fídíò nígbà tí nǹkan bá ń ṣe ọmọ náà. Fídíò ìṣẹ́jú kan tí òbí kan gbé wá ti yanjú ohun tí èmi pẹ̀lú gbogbo wáyà mi kò rí.

Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba ló ní ẹ̀rọ nááfù. Àwọn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà ni ẹ ó ti sábà rí i, àti àwọn aládàáni kan. Kí ẹ tó na owó ọkọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ gba Ìtòìkín dé Ìkòròdú wọ Èkó, ẹ pè wọ́n lórí fóònù. Ẹ bi wọ́n pé ṣé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, ṣé ẹni tó máa ka èsì wà nílé, mélòó ni owó rẹ̀, ṣé ti iná àti ti abẹ́rẹ́ ló wà nínú owó náà àbí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó máa ń gba bíi wákàtí kan, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tó bá jẹ́ pé kí ọjọ́ àyẹ̀wò tó pé, ẹsẹ̀ yín bẹ̀rẹ̀ sí í rọ kíákíá láàárín ọjọ́ mélòó kan, tàbí ìtọ̀ kò jáde mọ́, tàbí mímí ń ṣòro, ẹ má dúró de ẹ̀rọ kankan. Ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá gba èsì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún yín ní ìwé tó kàn kọ "ó dára" tàbí "kò dára" nìkan. Ẹ ní kí wọ́n fi nọ́ńbà sí i: ìyára, bí ìlà ṣe ga tó, àti bí ara yín ṣe gbóná tó nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ẹ fi ìwé náà pamọ́ pẹ̀lú èsì ṣúgà yín, torí lẹ́yìn ọdún kan, dókítà tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ń yá tàbí ó ń burú sí i á nílò nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn láti fi wé tuntun. Kí ẹ sì kọ ìka tó ń kú lóru sílẹ̀ fún mi, kí ẹ fi ránṣẹ́; mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìka kékeré yẹn wà níbẹ̀.